Fáàfù ni Wọ́n Ń Wò, Iná Ló Ń Ṣiṣẹ́

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ to DAC onífáàfù sílé ní Èrúwà, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi í ni irú fáàfù tó fẹ́ lò. Ìbéèrè náà ò burú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Iná tó fẹ́ fi gbé e ló yẹ kí wọ́n bèèrè. Fáàfù fani lójú mọ́ra lóòótọ́: dígí kékeré tí inú rẹ̀ ń pọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí àlejò á wọlé tí á ní, "Kí lẹ gbé síbẹ̀ yẹn?" Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí, nínú owó rẹ̀ àti nínú ìwúwo rẹ̀, ọ̀dọ̀ iná ló ń lọ. Ní Ìbàràpá tí Èrúwà wà, níbi tí NẸ́PÀ ti lè lé sókè láàárọ̀ kó sì rọ̀ wálẹ̀ lálẹ́, ọ̀rọ̀ náà tún kọjá bó ṣe rí fún ará London tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Fáàfù kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ yìí. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé Asọ̀rọ̀mágbèsì, ìyẹn rédíò orí wáyà, dé Èkó ní ọdún 1935, tó sì dé Ìbàdàn ní 1939, àpótí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri nínú ilé kò ju sípíkà àti kókó tí a fi ń yí ohùn sókè lọ. Ẹ̀rọ tó ń ti ohùn gba orí wáyà wá láti ilé iṣẹ́ ni fáàfù wà nínú rẹ̀. Rédíò onífáàfù tó ń lo bátìrì náà wà láyé ìgbà yẹn, èyí tí wọ́n ṣe fún ilé tí kò ní iná. Bátìrì rẹ̀ ní ojú méjì: ọ̀kan ń mú 90 fóltì wá, èkejì 1.5 fóltì péré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú méjì yẹn sọ́kàn, nítorí ohun kan náà la ó tún bá pàdé níwájú. Ìgbà tí transistor dé ni fáàfù kógbá sílé, tí ọ̀pọ̀ rẹdiónìkì sì kó èyí tó kù lọ́wọ́ wọn dà sí ààtàn. Ẹni tó bá da tirẹ̀ nù nígbà yẹn, kó má ṣírò iye tó ń lọ fún lónìí.

Kí wá ni DAC? Orin tó wà nínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohùn mọ́, nọ́ńbà ni. Nígbà tí Philips àti Sony gbé CD jáde ní 1982, ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí wọ́n máa wọn gíga ìgbì ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí wọ́n sì kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí ọ̀kan nínú nọ́ńbà 65,536, ti etí ọ̀tún lọ́tọ̀, ti òsì lọ́tọ̀. Ìdí tí iye náà fi tó bẹ́ẹ̀ ni pé ohùn tó ń gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, etí ọmọ ènìyàn kò gbà á, ìṣirò sì ti fi hàn pé a gbọ́dọ̀ wọn ìgbì ju ìlọ́po méjì iye tó ń gbọ̀n lọ kí a tó lè dá a padà bó ṣe wà. DAC ni ẹ̀rọ tó ń dá a padà. Á ka nọ́ńbà, á sọ ọ́ di iná tó ń lọ sókè sódò, amplifier á gbà á, sípíkà á sì fi ta afẹ́fẹ́.

DAC wà nínú gbogbo fóònù tó ń kọrin, títí kan èyí tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń gbé káàkiri Poli Èrúwà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìyẹn gan-an kò burú. Ẹni tó bá sọ fún yín pé orin inú fóònù kò ṣeé gbọ́ létí, ọjà ló ń tà. Ohun tí àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ń wá ni pé kí wọ́n gbé DAC kúrò nínú fóònù, kí wọ́n fún un ní iná tirẹ̀, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn yan gbogbo ohun tí ohùn yóò gbà kọjá. Ilé iṣẹ́ Audio Note ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ èyí di òwò, DAC onífáàfù wọn tó wọ́n jù tó owó mọ́tò. Èyí tí mò ń ṣàlàyé yìí, ẹbí wọn ni, ṣùgbọ́n tálákà inú ẹbí.

Inú ẹ̀rọ náà pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Bọ́ọ̀dù kékeré kan ń gba nọ́ńbà lára okùn USB. IC kan ń sọ nọ́ńbà di iná. Fáàfù ń gbé iná náà ga. Nípa bọ́ọ̀dù USB, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, torí pé rírà là ń rà á. Ohun tó yẹ ká wò lára rẹ̀ ni aago, ìyẹn kírísítálì tó ń sọ fún IC pé ó tó àkókò láti ka nọ́ńbà tó kàn. Bọ́ọ̀dù tó dára ní méjì: ọ̀kan tó ń lù ní 22.5792 MHz fún orin CD (512 ìgbà 44,100 ni), èkejì 24.576 MHz fún ohùn inú fídíò, tí wọ́n máa ń wọ̀n ní ìgbà 48,000. Bí ẹ bá rí èyí tó ní aago kan ṣoṣo, ẹ bi olówó ọjà bó ṣe ń rí ìkejì ṣe.

IC tí mo yàn ni AD1865 ti ilé iṣẹ́ Analog Devices. Òun náà ni Audio Note ń lò. Inú rẹ̀ ni wọ́n to rẹsísítọ̀ tíntìntín sí ní ìpele ìpele, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì ń ṣí ẹnu ọ̀nà fún ìwọ̀nba iná tó tọ́ sí i. Ó ti pẹ́ lọ́jà débi pé ayédèrú rẹ̀ pọ̀ ju ojúlówó lọ níbi púpọ̀: wọ́n á gbé IC mìíràn, wọ́n á ha ojú rẹ̀, wọ́n á tún kọ orúkọ sí i. Ẹ fi ọtí ìnùgbẹ́ sára òwú, ẹ fi nu orí rẹ̀. Bí orúkọ bá ń wá mọ́ òwú, owó ti lọ nìyẹn.

Ibi tó ti yẹ ká fara balẹ̀ ni pé ẹnu kọ́rẹ́ńtì AD1865 la ó lò, kì í ṣe ẹnu fóltì rẹ̀, kọ́rẹ́ńtì náà kò sì pọ̀: milliamp kan sókè, milliamp kan sódò. Kí ó tó di fóltì, a ó jẹ́ kó gba inú rẹsísítọ̀ kan kọjá lọ sílẹ̀. Bí a bá fi 100 ohm sí i, milliamp méjì láti orí dé ìdí yóò di 0.2 fóltì. Mítà tó ń wọn iná AC kò ní ka ìyẹn ju nǹkan bí 0.07 lọ. Ohun tí ẹ̀rọ inú ilé sì ń retí lára DAC ni fóltì 2. A ní láti sọ ọ́ di nǹkan bí ìlọ́po 28. Àwọn kan á fẹ́ fi rẹsísítọ̀ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ kí fóltì lè yára pọ̀, ṣùgbọ́n IC kò fẹ́ kí fóltì jókòó sí ẹnu rẹ̀. Bí ó bá ti pọ̀ níbẹ̀, ìṣirò inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí rẹsísítọ̀ kéré, kí fáàfù ṣe èyí tó kù.

Fáàfù ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. John Ambrose Fleming ló ṣe èyí tó ní irin méjì nínú ní 1904. Ní 1906 ni Lee de Forest ní Amẹ́ríkà fi ìkẹta kún un, ìkẹta yẹn ló sì sọ ọ́ di ohun tó lè gbé ohùn ga. Wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú dígí náà jáde. Wáyà tó ń gbóná wà láàárín, ó ń mú kí irin tó yí i ká máa tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù dànù. Pilétì wà níta, a fún un ní fóltì tó ga, ó ń fà wọ́n mọ́ra. Gíríìdì wà láàárín àwọn méjèèjì, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a wé. Bí ohun tó wà lórí gíríìdì bá yí padà díẹ̀ péré, iye ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń kọjá á yí padà púpọ̀. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí a lò ni 6922, tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní E88CC. Nínú dígí kan ṣoṣo, fáàfù méjì ló wà níbẹ̀: ohun ìgbóná wọn wà lórí iná kan náà, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ní gíríìdì tirẹ̀ àti pilétì tirẹ̀. Igbó-Ọrà ò ní bá wa jiyàn lórí èyí. Ìlú tó ń pe ara rẹ̀ ní olú ìlú ìbejì lágbàáyé mọ̀ pé Táyé àti Kẹ́hìndé lè jọ ara wọn délẹ̀délẹ̀ kí ìwà wọn má jọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ti inú dígí yìí. Ẹ wọn àwọn méjèèjì kí ẹ tó lò wọ́n. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn ni kí a fi fáàfù kan sí etí kọ̀ọ̀kan, kí a sì so ìdajì méjèèjì pọ̀ kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kan náà: ariwo inú wọn á dín kù, agbára tí wọ́n fi ń ti wáyà á sì pọ̀ sí i.

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Ẹ fún fáàfù ní 200 fóltì. Ẹ fi rẹsísítọ̀ 11,000 ohm sáàárín iná náà àti pilétì. Ẹ fi 220 ohm sábẹ́ káthóòdù, ìyẹn irin tó ń tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, kí ẹ sì so kápásítọ̀ ńlá kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ 220 ohm náà, torí pé láìsí i ìlọ́po á dín kù. Bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, milliamp 10 ni yóò máa gba inú ìbejì náà kọjá, 110 fóltì á jókòó sórí rẹsísítọ̀ pilétì, 90 á kù lórí pilétì. Ìlọ́po tí yóò mú wá kò ní jìnnà sí 27 tàbí 28, èyí tí a sì ń wá náà nìyẹn.

Ṣé fáàfù wá ń mú kí ohùn jẹ́ òtítọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ? Rárá o. IC olówó pọ́ọ́kú òde òní lè gbé ohùn ga láìfi nǹkan kan kún un tí mítà lè rí. Fáàfù ní tirẹ̀ máa ń bu nǹkan sí i: ohùn tó bá wọlé, á fi díẹ̀ nínú ohùn tó jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀ kún un. Ohùn ìlọ́po méjì yẹn kan náà sì wà lára okùn gòjé tí a bá ta, ó wà nínú ọ̀fun akọrin, nítorí náà etí kì í kọ̀ ọ́. Ó ń gbọ́ ọ bíi pé ohùn náà kún sí i. Adùn ni, kì í ṣe òtítọ́, kò sì yẹ kí a tà á fún ẹnikẹ́ni bí òtítọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku iná. Fáàfù 6922 ń fẹ́ oríṣi méjì, bí rédíò bátìrì ayé ọjọ́un: èyí tó kéré fún ìgbóná, èyí tó ga fún pilétì. Ti ìgbóná jẹ́ 6.3 fóltì, milliamp 300, kò sì fẹ́ kó yẹ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, káthóòdù á máa jẹ ara rẹ̀. Bó bá ga jù, ọjọ́ ayé rẹ̀ á kúrú. Bí a bá wá so ohun ìgbóná fáàfù méjì tẹ̀léra, 6.3 àti 6.3 á di 12.6, milliamp 300 kan náà á sì gba inú méjèèjì. Kí ẹ má ṣe fi 6DJ8 pọ̀ mọ́ 6922 lórí okùn yìí o, bó ti wù kí àwọn tó ń tajà sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Milliamp 365 ni ti 6DJ8, bí ẹ bá so wọ́n tẹ̀léra, ọ̀kan á gbóná jù, ebi á pa èkejì.

12.6 fóltì yìí ló mú kí inú mi dùn sí sólà tó ti gba òrùlé káàkiri láti Lánlátẹ̀ dé Ìgàngán. Iná bátìrì kì í gbọ̀n, kò ní ìró "hùùù" tí NẸ́PÀ máa ń tì bọ ohun ìgbóná. Ojú lè kọ́kọ́ tan èèyàn, kó ní 12.6 ni bátìrì 12 fóltì tó kún ń kà, kó kàn so ó mọ́ ọn lọ tààrà. Kò ṣeé ṣe. Lọ́sàn-án, tí sólà bá ń kún un, bátìrì yẹn á dé 14.4, ìyẹn 7.2 fún fáàfù kọ̀ọ̀kan. Tó bá di òru, ó lè wálẹ̀ sí 11.8. Ilé tó bá so bátìrì méjì tẹ̀léra fún ínfátà 24 fóltì ló wà ní ìrọ̀rùn: LM317 kan, tí kò wọ́n tó búrẹ́dì kan, ni a ó fi há a mọ́ 12.6, bátìrì ìbáà lọ sókè ìbáà wá sódò. Nǹkan bíi wáàtì mẹ́rin ni LM317 yóò sọ di ooru, nítorí náà ẹ dè é mọ́ irin tó lè fẹ́ ooru dànù.

Ti pilétì ló nira. NẸ́PÀ ni 230 fóltì nínú ìwé. Ẹ ní kí ẹni tó ń wé tiransifọ́mà wé ọ̀kan tí yóò sọ 230 di 180. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun fún wọn, àwọn náà ló ń wé ti sìtábíláísà. Bí a bá sọ 180 náà di iná tí kì í gbọ̀n, tí a fi kápásítọ̀ gbà á, nǹkan bí 254 ni yóò dúró sí. Ẹ wá wo ohun tí ìyípadà ń ṣe. Ní ọjọ́ tí NẸ́PÀ bá lé dé 270, 254 yẹn á di nǹkan bí 299. Ní alẹ́ tó bá rọ̀ dé 170, á di 188, 200 tí a ń wá kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kápásítọ̀ ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó kéré ju 400 fóltì lọ, àti pé kí ẹ̀rọ náà máa gba iná láti ara ínfátà, kì í ṣe láti ara ògiri tààrà. Ínfátà ọ̀hún gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí iná rẹ̀ ń yí gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀, "pure sine wave" lorúkọ tí wọ́n ń kọ sí i lára. Èyí tó jẹ́ olówó pọ́ọ́kú ń tú iná onígun mẹ́rin jáde, tiransifọ́mà á máa kùn bí ẹni tí inú ń bí, ìkùnsínú náà á sì bọ́ sínú orin. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" náà kò dára fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá tan gílóòbù tàbí fíríìjì kan, ìyára rẹ̀ á yí padà.

Iná tó ń yí ní ìgbà 50 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, bí a bá ti tún un ṣe, ìró tó kù lára rẹ̀ ń gbọ̀n ní ìgbà 100. Pẹ̀lú kápásítọ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ́ 47 microfarad, ìgbọ̀n yẹn á ṣì tó fóltì mẹ́rin àti díẹ̀. Ẹ fi rẹsísítọ̀ 1,500 ohm àti kápásítọ̀ 100 microfarad tẹ̀lé e, ìgbọ̀n náà á dín sí nǹkan bí ìdá kan nínú 94. Ẹ tún fi 1,200 ohm àti 100 microfarad mìíràn tẹ̀lé ìyẹn. Èyí tó kù kò tó milivolt kan. Rẹsísítọ̀ méjèèjì yìí ló sì jẹ 254 wá sí 200, torí pé milliamp 20 tí fáàfù méjèèjì ń mu ń gba inú wọn kọjá. Èèyàn lè ra ohun tó gbówó lórí jù èyí lọ láti ṣe iṣẹ́ kan náà. Mo ti rí àwọn tó fi owó ewúrẹ́ ra kápásítọ̀ kan ṣoṣo. Ohun tó wà níbẹ̀ yìí ṣì tó.

200 fóltì lè pa èèyàn. Mo kọ ọ́ sí ojú kan ṣoṣo kí ẹ má bàa fò ó. Bí ẹ bá pa ẹ̀rọ náà, kápásítọ̀ ṣì gbé iná náà mọ́ra, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án á rí i. Ẹ so rẹsísítọ̀ 220,000 ohm mọ́ ìdí kápásítọ̀ ìkẹyìn, kó máa rọra fa iná náà dànù. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò ní ju fóltì mẹ́wàá lọ mọ́. Síbẹ̀ ẹ fi mítà wò ó kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Àwọn rẹdiónìkì àgbà tó tún rédíò onífáàfù ṣe ní ìlànà kan tí wọn kì í yẹ̀: ọwọ́ kan nínú iṣẹ́, ọwọ́ kejì nínú àpò. Iná tó bá gba ọwọ́ kan wọlé tó fẹ́ gba ìkejì jáde, àyà ló máa gbà kọjá.

Àpótí rẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ álúmíníọ́mù lábẹ́ àti lẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ ẹwà, káfíńtà lè fi igi apá tàbí ìrókò yí i ká. Tiransifọ́mà wà ní igun kan, IC wà ní igun tó dojú kọ ọ́, kí agbára òòfà tiransifọ́mà má bàa dé ọ̀dọ̀ IC. Gbogbo wáyà tó ń lọ sílẹ̀, ojú kan ṣoṣo ni kí wọ́n ti pàdé. Fáàfù ń fẹ́ afẹ́fẹ́, nítorí náà ẹ lu ihò sókè àti sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi nẹ́ẹ̀tì irin wẹ́wẹ́ bo gbogbo rẹ̀. Eruku ọyẹ́ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù, ọmọnílé ni. Ó fẹ́ràn ibi tó bá gbóná lálẹ́, bó bá sì fi orí kan ilẹ̀ tó fi ìrù kan 200 fóltì, òun lọ, fúùsì lọ.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá máa kọ́kọ́ tàn án, ẹ má ṣe kì í bọ iná lásán. Ẹ so gílóòbù 60 wáàtì ti àtijọ́, èyí tó ń gbóná, tẹ̀léra mọ́ ọn. Bí wáyà kan bá kan ibi tí kò yẹ, gílóòbù ni yóò tàn yòò, ohun tó wà nínú àpótí kò ní jóná. Ẹ kọ́kọ́ tàn án láìfi fáàfù síbẹ̀, kí ẹ wọn 12.6 láàárín òpin méjèèjì okùn ìgbóná. Kí ó tó di pé fáàfù wọlé, iná pilétì á ga dé 254 torí pé kò sí ohun tó ń mu ún. Ẹ pa á, ẹ dúró, ẹ fi fáàfù sí i, ẹ tún tàn án. Ẹ gbé mítà sórí 220 ohm abẹ́ káthóòdù. Fún ìgbà díẹ̀, òdo ni yóò kà. Lẹ́yìn náà inú dígí á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, mítà á kúrò lórí òdo, 0.4, 1.1, 1.8, á wá dúró nítòsí 2.2. Fóltì 2.2 lórí 220 ohm, milliamp 10 nìyẹn. Bí ti ọ̀tún bá kà 2.2 tí ti òsì kà 1.6, ẹ pa á, ẹ pààrọ̀ fáàfù méjèèjì síra wọn: bí àléébù náà bá tẹ̀lé fáàfù, fáàfù ló ni ín, bó bá dúró sójú kan, òjé tí ẹ jó ni kí ẹ lọ wò.

90 fóltì tó wà lórí pilétì kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ amplifier, nítorí náà kápásítọ̀ kan ló máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, 2.2 microfarad, 400 fóltì, torí pé kí fáàfù tó gbóná, gbogbo 254 ló ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Nígbà tí fáàfù bá ń jí, ohun kan á lu sípíkà gbì. Ẹ tan DAC ṣáájú, amplifier lẹ́yìn. Ní pípa, amplifier ni kó kọ́kọ́ lọ.

Orin wo ni kí ẹ wá fi sí i? Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi WhatsApp ránṣẹ́. Orin CD ń gbé bit 1,411,200 kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. MP3 tó jẹ́ 128 kilobit kò gbé ju ìdá kan nínú 11 ìyẹn lọ, kò sì sí fáàfù kan láyé tó lè dá èyí tí wọ́n ti gé sọnù padà. Ẹ wá èyí tí wọ́n fi ara balẹ̀ kọ láti ara àwo tàbí téèpù. Haruna Ìṣọ̀lá àti I.K. Dairo, tí wọ́n jọ dá Star Records sílẹ̀ ní 1969, Yusuf Ọlátúnjí pẹ̀lú gòjé: àwo wọn láti ọdún 1950 sí 1960, ẹ̀rọ onífáàfù ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀. Ohùn tó ti gba inú fáàfù kọjá kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹ tún ń mú un padà gba ibẹ̀.

Ẹ ṣe ìdánwò kan kí ẹ tó pe aládùúgbò wá wò ó. Ẹ so DAC àti ẹnu fóònù mọ́ amplifier kan náà. Ẹ fi mítà wọn ohùn 100 Hz kan náà láti ara méjèèjì, kí ẹ sì dín èyí tó ga jù títí wọn yóò fi bára mu, torí pé èyí tó bá pariwo jù, òun ni etí máa ń sọ pé ó dùn jù. Ẹ fi aṣọ bò wọ́n, kí ẹlòmíràn máa yí i láìsọ̀rọ̀, kí ẹ sì máa kọ èyí tí ẹ rò pé ó ń kọrin sílẹ̀. Fáàfù kan ṣoṣo tí ohùn bá gbà kọjá máa ń yí i dojú dé, òkè di ìsàlẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé ohùn DAC dojú dé sí ti fóònù, nígbà tí ti DAC bá kàn, kí ẹni tó ń bá yín yí i ti pààrọ̀ wáyà sípíkà méjèèjì, pupa sí dúdú, dúdú sí pupa.